Bí a ṣe ń wá àròpọ̀ agbára gíga láti inú àwọn tó kéré

Wọ́n sọ ohun mẹ́ta fún yín nípa nọ́ńbà mẹ́ta kan. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 1 lẹ máa rí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí agbára kejì (ìyẹn ni pé kí ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀) kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀, 3 ni. Bó bá jẹ́ agbára kẹta, 7 ni. Wọn ò sọ àwọn nọ́ńbà náà fúnra wọn, àmọ́ wọ́n ní kí ẹ wá àròpọ̀ agbára keje wọn.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí wọ́n wá nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì ń rú èèyàn lójú. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni nọ́ńbà gidi, nǹkan bí 1.839, tí kò ṣeé kọ tán pẹ̀lú ojú ààmì. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tó ní √−1 nínú, ni méjì yòókù. Bẹ́ẹ̀, 71 gẹ́lẹ́ ni ìdáhùn, a sì lè dé ibẹ̀ láìmọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ọ̀nà náà dáadáa, tó sì fẹ́ mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́. Albert Girard, onímọ̀ ìṣirò, tẹ irú àwọn ìdọ́gba tí a máa lò jáde lọ́dún 1629. Isaac Newton náà rí wọn láyè ara rẹ̀, wọ́n sì wà nínú ìwé aljẹ́brà rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1707. Orúkọ Newton ló mọ́ wọn lára, àmọ́ Girard ló ṣáájú.

Àwọn ààmì tí a ó lò

Ká ní iye nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ jẹ́ n, ká sì fi létà x₁, x₂, títí dé xₙ dúró fún wọn. Àròpọ̀ agbára k ni

pₖ = x₁ᵏ + x₂ᵏ + … + xₙᵏ

Ẹgbẹ́ kejì wà tí a ò lè ṣe é láìsí wọn. Ẹ mú àwọn létà náà ní méjì-méjì, ẹ sọ méjì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kí ẹ wá ro gbogbo èsì rẹ̀ pọ̀: e₂ nìyẹn. Bí ẹ bá mú wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, e₃ ni. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé eₙ, níbi tí a ti sọ gbogbo wọn di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àròpọ̀ wọn lásán ni e₁. Fún x, y àti z:

e₁ = x + y + z
e₂ = xy + xz + yz
e₃ = xyz

Bí ẹ bá gbé x sí ipò y, kí ẹ gbé y sí ipò x, kò sí ọ̀kankan nínú p àti e tó máa yí padà. Ìyẹn ló sọ wọ́n di pólínómíà símẹ́tíríkì (pólínómíà ni àròpọ̀ àwọn ẹyọ tí a fi létà àti agbára wọn kọ). Ohun kan tún wà tó máa gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe níwájú: bí k bá ju n lọ, 0 ni eₖ, torí kò sí létà tó tó láti mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka iye létà

Ẹ má fọwọ́ kan fọ́múlà kankan kí ẹ tó mọ n. Bí létà bá jẹ́ n, p₁ títí dé pₙ ti tó láti mọ gbogbo àròpọ̀ agbára tó kù, bó ti wù kó ga tó. Bó bá sì ku ẹyọ kan nínú wọn, kò tó mọ́. Nígbà tí létà bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ lè fi p₁, p₂ àti p₃ wá p₄. Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, kò sí fọ́múlà kankan láyé tó lè ṣe é.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò tíì rí fọ́múlà náà. Ẹ wo ìdí tí kò fi lè sí. Ẹ mú 0, 4, 7, 11, kí ẹ sì tún mú 1, 2, 9, 10. Àròpọ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ 22, ti èkejì náà jẹ́ 22. Ní agbára kejì, 16 + 49 + 121 jẹ́ 186. 1 + 4 + 81 + 100 náà jẹ́ 186. Ní agbára kẹta, 64 + 343 + 1331 jẹ́ 1738. 1 + 8 + 729 + 1000 náà jẹ́ 1738. Títí dé ibí, kò sí bí ẹ ṣe lè fi p dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ wá wo agbára kẹrin: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 17298, ti èkejì jẹ́ 16578. Ẹni tó bá ní òun ní fọ́múlà tó ń fi p₁, p₂ àti p₃ nìkan bí p₄ fún létà mẹ́rin, nọ́ńbà kan náà ni fọ́múlà rẹ̀ máa fún ìdìpọ̀ méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ tàsé ọ̀kan.

Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ méjèèjì: 17298 − 16578 = 720. A máa rí ibi tó ti wá láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìdọ́gba Newton, àti ibi tó ti wá

Bí wọ́n ṣe rí nìyí:

p₁ = e₁
p₂ = e₁p₁ − 2e₂
p₃ = e₁p₂ − e₂p₁ + 3e₃
p₄ = e₁p₃ − e₂p₂ + e₃p₁ − 4e₄
p₅ = e₁p₄ − e₂p₃ + e₃p₂ − e₄p₁ + 5e₅

Ààmì ń pààrọ̀ ara wọn bí a ṣe ń lọ: àròpọ̀, ìyọkúrò, àròpọ̀, ìyọkúrò. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ e ń gòkè bí ti p ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹyọ tó kẹ́yìn nìkan ni nọ́ńbà k máa ń wà níwájú rẹ̀. Lójú tèmi, bó ṣe dáa jù láti há a sórí nìyí, kí ẹ kọ ọ́ ní kíkún nígbà gbogbo, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ eₖ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ju n lọ di 0. Àwọn ìwé kan pín in sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí k ò ju n lọ, ọ̀kan fún ìgbà tó jù ú. Òótọ́ ni wọ́n kọ, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi 4e₄ sínú ìṣirò létà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ fún létà mẹ́ta. Pólínómíà tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ x, y àti z ni (t − x)(t − y)(t − z). Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ máa rí t³ − e₁t² + e₂t − e₃. Gbòǹgbò ni x, torí náà bí a bá fi x sí ipò t, 0 ló máa jáde. Ìyẹn ni pé

x³ = e₁x² − e₂x + e₃

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti y, bẹ́ẹ̀ náà ni ti z. Ẹ ro ìdọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: p₃ = e₁p₂ − e₂p₁ + 3e₃. Ibi tí 3 yẹn ti wá nìyẹn: e₃ fara hàn lẹ́ẹ̀kan nínú ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan, ìdọ́gba sì jẹ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi x sọ ìdọ́gba àkọ́kọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi y ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, kí ẹ fi z ṣe é sí ẹ̀kẹta, kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀, e₃ náà máa ní létà lára: p₄ = e₁p₃ − e₂p₂ + e₃p₁. Bí ẹ ṣe máa gun àkàsọ̀ náà lọ sókè láìdúró nìyẹn.

Ó ku èyí tí k kéré sí n, bíi p₂ nígbà tí létà jẹ́ mẹ́ta. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan: p₂ − e₁p₁ + 2e₂. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó lè ní ju létà méjì lọ nínú, torí agbára kejì ni gbogbo wọn. Ká ní ẹyọ kan ṣẹ́kù tí kò parẹ́, ẹ sọ létà tí kò sí nínú ẹyọ náà di 0. Ẹyọ yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí létà kan bá ti di 0, ìdọ́gba létà méjì ló kù, a sì ti mọ̀ pé òótọ́ ni ìyẹn. Torí náà kò sí ẹyọ kankan tó lè ṣẹ́kù. Ọgbọ́n yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo k tó kéré sí n.

Ẹ wá pa dà sí 720. Fún létà mẹ́rin, p₄ ní −4e₄ nínú. e₄ ti 0, 4, 7, 11 jẹ́ 0; ti 1, 2, 9, 10 jẹ́ 180. e₁, e₂ àti e₃ wọn bára mu, torí p₁, p₂ àti p₃ wọn bára mu. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó kù ni 4 lọ́nà 180, tó jẹ́ 720.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi p wá e

Ẹ yí ìdọ́gba Newton padà kí e tó kẹ́yìn dá wà:

e₁ = p₁
e₂ = (e₁p₁ − p₂) / 2
e₃ = (e₂p₁ − e₁p₂ + p₃) / 3
e₄ = (e₃p₁ − e₂p₂ + e₁p₃ − p₄) / 4

Ẹ ṣe é ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Fún ìbéèrè wa, p₁ = 1, p₂ = 3, p₃ = 7. Nítorí náà e₁ = 1; e₂ = (1 − 3)/2 = −1; e₃ = (−1 − 3 + 7)/3 = 1.

Ẹ ṣọ́ ààmì e₂ dáadáa. Bí e₂ bá ti wà ní apá òdì, ìyẹn ni pé ó kéré sí 0, ìyọkúrò tó wà níwájú rẹ̀ nínú ìdọ́gba máa di àròpọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí iṣẹ́ tó dáa ti ń bà jẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ máa gòkè

Láti p₄ lọ, e₁, e₂ àti e₃ nìkan la nílò. Fún àwọn nọ́ńbà tiwa, pₖ = 1·pₖ₋₁ + 1·pₖ₋₂ + 1·pₖ₋₃, ìyẹn ni pé ẹ kàn ń ro mẹ́ta tó kẹ́yìn pọ̀:

p₄ = 7 + 3 + 1 = 11
p₅ = 11 + 7 + 3 = 21
p₆ = 21 + 11 + 7 = 39
p₇ = 39 + 21 + 11 = 71

Ó parí. Kò sí gbòǹgbò tí a wá, kò sí ìdá kankan tí a fọwọ́ kàn.

Ẹ fi èyí tí ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀ dánra wò kó lè dá yín lójú. Ẹ mú p₁ = 2, p₂ = 6, p₃ = 8. Ẹ máa rí e₁ = 2, e₂ = −1, e₃ = −2. Nítorí náà p₄ = 2·8 + 1·6 − 2·2 = 18, p₅ = 2·18 + 1·8 − 2·6 = 32. Àwọn nọ́ńbà náà ni 2, 1 àti −1, ẹ sì lè fojú ara yín rí i pé 16 + 1 + 1 jẹ́ 18, pé 32 + 1 − 1 jẹ́ 32.

Bí wọ́n bá ní dandan ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ láìsí e

Nígbà míì ìbéèrè máa ní kí ẹ kọ p₄ ní p₁, p₂ àti p₃ nìkan. Ẹ fi e tí ẹ ti rí rọ́pò nínú ìdọ́gba náà. Fún létà mẹ́ta, e₂ = (p₁² − p₂)/2, e₃ = (p₁³ − 3p₁p₂ + 2p₃)/6. Ẹ fi wọ́n sínú p₄ = e₁p₃ − e₂p₂ + e₃p₁, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìdá mẹ́fà, ó máa di

p₄ = (p₁⁴ − 6p₁²p₂ + 3p₂² + 8p₁p₃) / 6

Fún létà méjì, ti p₃ jẹ́ (3p₁p₂ − p₁³)/2.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni kí ẹ má ṣe fò, wọn ò sì gba àkókò. Àkọ́kọ́, ìwúwo: ẹ ka p₁ sí 1, p₂ sí 2, p₃ sí 3, kí ẹ wò ó bóyá ẹyọ kọ̀ọ̀kan wúwo tó 4. p₁²p₂ jẹ́ 1 + 1 + 2, ó tọ̀nà. Bí ẹ bá rí p₁p₂ lásán níbẹ̀, ohun kan ti jábọ́. Èkejì, ẹ fi 1, 0, 0 dán an wò: gbogbo p máa di 1, torí náà àwọn nọ́ńbà iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ 6 tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀: 1 − 6 + 3 + 8 = 6. Ẹ̀kẹta, ẹ fi 1, 1, 1 dán an wò: gbogbo p máa di 3, ẹ sì máa rí (81 − 162 + 27 + 72)/6 = 18/6 = 3, bó ṣe yẹ. Fọ́múlà tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣì ní àléébù, àmọ́ àṣìṣe ààmì kì í sábà sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ju p₄ lọ, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa tú u palẹ̀. Ẹyọ á máa pọ̀ sí i, àṣìṣe náà á máa pọ̀ sí i, e mẹ́ta péré ló sì ti gbé gbogbo ìmọ̀ náà dání.

Nígbà tí àròpọ̀ bá jẹ́ 0

Bí x + y + z = 0, iṣẹ́ náà rọrùn débi tó fi dùn ún wò. e₁ ti lọ, p₂ di −2e₂, p₃ di 3e₃, gbogbo èyí tó kù sì ń jáde láti ara p₂ àti p₃ nìkan:

p₄ = p₂² / 2
p₅ = 5p₂p₃ / 6
p₇ = 7p₂²p₃ / 12

Ìdọ́gba kejì ni àwọn olùdíje ìṣirò máa ń kọ báyìí: p₅/5 = (p₂/2)(p₃/3). Ẹ fi 1, 2, −3 wò ó: p₂ = 14, p₃ = −18, nítorí náà p₅ gbọ́dọ̀ jẹ́ −210; 1 + 32 − 243 sì jẹ́ −210 lóòótọ́.

Bí àròpọ̀ ò bá tiẹ̀ jẹ́ 0, ẹ lè yọ ìdá n rẹ̀ kúrò lára létà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí àwọn létà tuntun náà, kí ẹ wá dá a padà nígbẹ̀yìn. Ó wúlò nígbà tí ẹ bá ń wá ẹ̀rí, àmọ́ fún ìṣirò nọ́ńbà lásán, àkàsọ̀ tó wà lókè yára jù ú lọ.

Bí agbára bá ga gan-an

Ká ní p₈₀₀ ni wọ́n béèrè, ẹ ò ní fẹ́ gòkè lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ẹ rò ó báyìí: x², y² àti z² fúnra wọn jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta. Àròpọ̀ agbára kìíní wọn ni p₂, ti kejì wọn ni p₄, ti kẹta wọn ni p₆. Wọ́n ní e tiwọn, ẹ jẹ́ ká pè é ní E:

E₁ = e₁² − 2e₂
E₂ = e₂² − 2e₁e₃
E₃ = e₃²

Fún àpẹẹrẹ wa, E₁ = 3, E₂ = −1, E₃ = 1. Láti ibẹ̀, p₂ = 3, p₄ = 3·3 + 2 = 11, p₆ = 3·11 + 3 + 3 = 39, p₈ = 3·39 + 11 + 3 = 131. Ó bá èyí tí a rí lókè mu, ó sì ti fo p₃, p₅ àti p₇ tó wà láàárín. Ẹ tún lè ṣe é lórí E, kí ẹ sọ ọ́ di ti agbára kẹrin, kẹjọ, kẹrìndínlógún. Fún létà méjì, ó tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: p₂ₖ = pₖ² − 2e₂ᵏ.

Mátíríìsì

Ibi tí ìdọ́gba yìí ti wúlò jù lẹ́yìn aljẹ́brà gbòǹgbò ni ibí. Bí A bá jẹ́ mátíríìsì, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà tí iye ìlà ìbú àti ìlà òró rẹ̀ dọ́gba, ẹ ro àwọn nọ́ńbà tó wà lórí ìlà láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún pọ̀. Àròpọ̀ àwọn eigenvalue rẹ̀ (àwọn gbòǹgbò pólínómíà kan tó jẹ́ ti mátíríìsì náà, tí wọ́n ń pè ní pólínómíà àdámọ́), ìyẹn p₁, lẹ rí yẹn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí A², p₂ ni. Sí A³, p₃ ni. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ lè fi ìgbésẹ̀ kẹta rí gbogbo e, tó jẹ́ àwọn nọ́ńbà iwájú pólínómíà àdámọ́ mátíríìsì náà, láìwá eigenvalue kankan. e tó kẹ́yìn ni dítámínáǹtì rẹ̀. Urbain Le Verrier ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ lọ́dún 1840, ọdún mẹ́fà kó tó fi ìṣirò sọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune máa wà lójú ọ̀run.

Fún mátíríìsì ńlá lórí kọ̀ǹpútà tó ń gé nọ́ńbà kù, ẹ ṣọ́ra: àwọn p máa ń tóbi kíákíá, yíyọ ńlá kúrò nínú ńlá sì máa ń gbé àṣìṣe kékeré ga. Nígbà tí gbogbo nọ́ńbà bá jẹ́ odidi tàbí ìdá gẹ́lẹ́, kò sí wàhálà.

Ibi tí pípín ò ti ṣeé ṣe

Ìgbésẹ̀ kẹta ń pín sí 2, sí 3, sí 4. Nínú ìṣirò tí 1 + 1 ti jẹ́ 0, irú èyí tí àwọn kóòdù kọ̀ǹpútà ń lò, a ò lè pín sí 2. Ẹ mú ìdìpọ̀ 0, 0 àti ìdìpọ̀ 1, 1 níbẹ̀. Gbogbo àròpọ̀ agbára àwọn méjèèjì jẹ́ 0, bó ti wù kí ẹ gòkè tó, àmọ́ e₂ ọ̀kan jẹ́ 0, ti èkejì jẹ́ 1. Bí p ò ṣe lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́, kò sí fọ́múlà tó lè gbà wá. Níbẹ̀, p₂ kì í sọ ohun tuntun kankan, torí p₁² náà ni.

Síbẹ̀, bí létà méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà wà. Ẹ fi p₂ sílẹ̀, ẹ mú p₃. Newton sọ pé p₃ = e₁p₂ − e₂p₁, ìyọkúrò àti àròpọ̀ sì ti di ohun kan náà níbẹ̀, torí náà p₃ = p₁³ + e₂p₁. Nígbà tí p₁ ò bá jẹ́ 0, e₂ = p₁² + p₃/p₁. Pẹ̀lú e₁ àti e₂ lọ́wọ́, p₅, p₇ àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé wọn á máa jáde bí ìgbésẹ̀ kẹrin ṣe sọ. Ìṣirò yìí gan-an ni kóòdù BCH tó ń tún àṣìṣe méjì ṣe fi ń mọ ibi tí àṣìṣe wà: p₁ àti p₃ ni ohun tó ń kà láti inú ìsọfúnni tó dé, x àti y sì ni ipò bíìtì méjì tó bà jẹ́.